Bàálù Mọ́kànlélógójì Ọ̀gá Kọ́lájọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ti rí agbéraga rí, mo mọ̀. Ẹ fi tiyín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ti Ọ̀gá Kọ́lájọ. Ọkùnrin yìí kò ga, kò sì tóbi, ṣùgbọ́n bó bá ń wọ yàrá bọ̀, akọ̀wé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé láti pe oyè rẹ̀. Oyè náà sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà nínú yàrá á ti dìde, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á tún ti dìde kí òun fúnra rẹ̀ tó yọjú. Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Ìrìnnà Orí Omi àti Ìpẹ̀tù sí Aáwọ̀ Ipadò ni. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà sí i tí ẹ fo "Pátápátá", lẹ́tà náà yóò padà wá bá yín pẹ̀lú àmì pupa. Ọkùnrin kan ní Ugbonla tó ń tọrọ ẹ̀wù agbéniléfòó fún àwọn apẹja kọ lẹ́tà tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó fi máa kọ ọ́ pé, ó ti fowó ara rẹ̀ rà á.

Àkúrẹ́ ni ìjọba ti gbé e wá sí Igbokoda, ní ọdún tí ìjà dé sí ipadò. Ìjà ọ̀hún kò lórí, kò nírù. Iléeṣẹ́ elépo kan ló gbẹ́ odò tuntun sáàárín Obe-Lúwoyè àti Orí-Ìdó, ìlú méjì tó ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ayébáyé. Wọ́n gbẹ́ odò tán, ó ku pátákó tí wọ́n máa rì sẹ́nu odò, wọ́n ní orúkọ ìlú wo ni kí wọ́n kọ sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é tí ilé mẹ́ta fi jóná, tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú méjèèjì fi ta okùn dí ọ̀nà omi, tí ìbọn sì ń dún. Ọkọ̀ Obe-Lúwoyè kò gbọdọ̀ kọjá okùn Orí-Ìdó, ti Orí-Ìdó kò gbọdọ̀ kọjá okùn Obe-Lúwoyè. Àwọn ará Abereke tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà wá há sí etí òkun pẹ̀lú ẹja gbígbẹ wọn.

Ìjọba bá ra bóòtù mẹ́fà, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ọsàn, wọ́n kọ ÀLÀÁFÍÀ sí wọn lára. Ìlú méjèèjì búra pé bóòtù aláwọ̀ ọsàn yóò máa kọjá, ẹnikẹ́ni kò ní dá a dúró. Òun nìkan ló lè kó ará Abereke lọ sí Igbokoda kó sì kó wọn padà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí wọ́n wá kó bóòtù wọ̀nyí lé lọ́wọ́ ni Ọ̀gá Kọ́lájọ, tí kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé, tó jẹ́ pé omi tó bá ti kọjá ti inú garawa ń bà á lẹ́rù.

Ó dára. Kí ló wá ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Géèmù ló ń ta.

Inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni géèmù náà wà. Ẹni tó bá ń ta á yóò dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú sílẹ̀, yóò ra bàálù, yóò máa fi kó èrò láti ìlú dé ìlú, òun àti àwọn ẹlòmíràn káàkiri ayé tí àwọn náà jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tiwọn. Ọ̀gá Kọ́lájọ pe tirẹ̀ ní Kọ́lájọ Òfúrufú. Ní oṣù àkọ́kọ́, gbèsè ló jẹ. Epo wọ́n, awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, ìjì dé, èrò kò wá. Àfi ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ là. Ó rí i pé bí èèyàn bá ra bàálù tí kò fò ó rárá, tó fi háyà fún àwọn tó ń ta géèmù bíi tirẹ̀, owó á máa wọlé lójoojúmọ́, wàhálà epo àti ti èrò á sì di ti ẹni tó háyà. Ó fi bàálù méjì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí à ń wí yìí, ó ti di mọ́kànlélógójì, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó fi ń kó èrò nínú wọn, ó sì ti di ẹnì kẹrin nínú gbogbo àgbáyé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó mọ iṣẹ́ náà. Ó mọ ìgbà tí bàálù kékeré ń wọ́n àti ìgbà tí ńlá kò lọ́jà. Ó mọ̀ pé èyí tó ti gbó ni kí èèyàn fi háyà fún ọjọ́ gígùn, kí tuntun jẹ́ ti ọjọ́ kúkúrú kí iye rẹ̀ lè máa gòkè. Ká ní inú kọ̀ǹpútà ni Igbokoda wà ni, à bá fi í jọba.

Iná ìjọba kò sí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ nígbà náà, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti sí. Jẹnẹrétọ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, epo bóòtù sì ni jẹnẹrétọ̀ ń mu. Bí owó háyà bá wọlé nínú géèmù, kọ̀ǹpútà á dún kíínn. Lawrence, akọ̀wé Ọ̀gá, ọkùnrin tínínrín kan tó mọ ẹ̀yìn ọ̀gá yìn ju bó ti mọ iṣẹ́ lọ, ló ṣe òfin pé bó bá ti dún, kí gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, kí wọ́n na apá méjèèjì bí ìyẹ́ bàálù, kí wọ́n ní, "Ó gúnlẹ̀ láyọ̀, Ọ̀gá." Ọ̀gá Kọ́lájọ á mi orí, á ní, "Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe agbára." Àárọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejìlélógún ló máa dún. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í fi róòbù ra èjìká.

Ní ọjọ́rú kan, Ọ̀gá pe ìpàdé. Ó dìde, ó fọwọ́ lé ikùn, ó ń wo òrùlé bí ẹni tí àwọn áńgẹ́lì ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ló wí, "mo wo ojú fèrèsé, kí ni mo rí? Bóòtù mẹ́fà tí wọ́n so mọ́ èbúté bí ewúrẹ́. Ní àgbáyé tí mo ti jẹ́ ẹnì kẹrin, kí ni à ń pe ọkọ̀ tó dúró sójú kan?"

"Ìparun, Ọ̀gá," Lawrence dáhùn. Ó ti há a sórí.

"Ìparun. Ọkọ̀ tó dúró ń jẹ olówó rẹ̀. Ọkọ̀ tó rìn náà ń jẹ olówó rẹ̀, nítorí epo. Ọkọ̀ wo ni kì í jẹ olówó rẹ̀?"

"Èyí tí a fi háyà, Ọ̀gá."

Ọlọ́rundáre, àgbà nínú àwọn tó ń wa bóòtù, ọmọ omi tó ti ń wa ọkọ̀ kí Lawrence tó mọ ọwọ́ wẹ̀, na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, àwọn ará Abereke ńkọ́? Torí tiwọn ni ìjọba ṣe ra bóòtù."

Ọ̀gá Kọ́lájọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọlọ́gbọ́n tó ń ṣàánú òpè. "Ará Abereke, èrò ni wọ́n. Èrò sì ni orísun wàhálà. Ohun àkọ́kọ́ tí òfúrufú kọ́ mi nìyẹn."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé Ọlọ́rundáre kúrò nídìí bóòtù, wọ́n ní kó máa ka àga inú gbọ̀ngàn. Méjìdínláàádọ́rùn-ún ni àga náà. Ó kà á lójoojúmọ́, wọn kò sì pọ̀ sí i.

Ìwé àdéhùn ló wá kù. Ọ̀gá ní kò sí àdéhùn tó dára tó ti inú géèmù, kí Lawrence dà á kọ bó ṣe wà, kó kàn fi "bóòtù" rọ́pò "bàálù". Lawrence jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣàtúnṣe ìlà mẹ́ta nígbà tí kọ̀ǹpútà dún kíínn. Ó dìde, ó na apá, ó kí ọ̀gá kú oríire, ó jókòó padà, ó sì gbàgbé ibi tó bá a dé. Ó tẹ ìwé náà jáde. Ọ̀gá Kọ́lájọ lu òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ọn láìkà á, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń wí, ẹni ńlá kì í ka ohun kékeré.

Àwọn méjì ló wá háyà, ní ọjọ́ kan náà. Àkọ́kọ́ ń jẹ́ Jọọlá, ó wọ kóòtù tó fẹ̀ jù ú lọ, ó ní ẹja ni òun ń tà, ó háyà mẹ́ta. Èkejì ń jẹ́ Ọlábọ̀dé, kóòtù tirẹ̀ há mọ́ ọn lára, ó ní pákó ni òun ń tà, ó háyà mẹ́ta tó kù. Kò sí ọmọdé kan lọ́jà Igbokoda tí kò mọ̀ pé Jọọlá ni olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún Obe-Lúwoyè, tí Ọlábọ̀dé sì jẹ́ olórí ti Orí-Ìdó. Gbogbo ayé ló mọ̀, àfi Ẹnì Kẹrin Lágbàáyé. Kò tilẹ̀ bi wọ́n léèrè. Nínú géèmù, ẹnikẹ́ni kì í bi ẹni tó fẹ́ háyà pé iṣẹ́ kí ló ń ṣe.

Ẹ ò ṣáà ní béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ bóòtù aláwọ̀ ọsàn. Òun nìkan ló ń kọjá okùn. Jọọlá ronú pé òun yóò fi yọ́ kọjá Orí-Ìdó, wọn kò ní mọ̀. Ọlábọ̀dé náà ronú bẹ́ẹ̀ sí Obe-Lúwoyè. Ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì pàdé láàárín odò ní ọ̀sán gangan, ẹ̀wù agbéniléfòó aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn, fìlà bojú. Jọọlá wo ẹnì kejì, ó ní ará ọ́fíìsì ìjọba ni. Ọlábọ̀dé náà wo Jọọlá, ó ní ará ọ́fíìsì ìjọba ni. Wọ́n juwọ́ síra wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o." "Ẹ kú iṣẹ́." Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ogún ọjọ́ nìyẹn, lálọ àti lábọ̀. Kò sí ẹni tó rí ọ̀tá yìnbọn sí. Bí ẹ bá rìn lórí omi nígbà yẹn, kìkì àlàáfíà lẹ máa rí tó ń sáré kọjá lára àlàáfíà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wá dun jù lọ ni Roqeebah. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, tíṣà ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama Abereke, ó sì ti di ọmọ omi ní ọdún mẹ́ta. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì àṣekágbá rẹ̀, ọmọ Abereke, ọmọ Obe-Lúwoyè, ọmọ Orí-Ìdó, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wọn. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, ni ìdánwò ìwé mẹ́wàá yóò bẹ̀rẹ̀. Nítorí ìbọn, àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní àwọn kò lè dé etí òkun, Igbokoda ni kí wọ́n ti wá ṣe é. Bóòtù aláwọ̀ ọsàn ni Roqeebah gbójú lé. Ó dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn bóòtù náà ń kọjá lójoojúmọ́, wọ́n ń juwọ́ sí i, wọn kò dúró.

Ní ọjọ́bọ̀, ó wọ ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi ń kó igi ìdáná, tí kò gbà ju ẹni méjì lọ, wọ́n gba inú igbó àbàtà lẹ́yìn, wákàtí mẹ́fà gbáko. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀ nígbà tó fi dé ọ́fíìsì.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ pe oyè tán kí ẹ tó kí wọn," Lawrence sọ fún un.

Ó pe oyè. Ó pe "Pátápátá" pẹ̀lú. Ó wá ro ẹjọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Kọ́lájọ fi àga rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀kan. "Tíṣà, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àdéhùn? Mo ti fi àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn háyà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Bí mo bá lọ gba bàálù mi padà lọ́wọ́ ará Brazil láàárín oṣù, kí ni ayé máa pè mí?"

"Ẹ má bínú, sà, bóòtù ni mò ń sọ."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń lọ lókè, ọ̀kan ń lọ nísàlẹ̀."

"Sà, bí àwọn ọmọ yìí bá pàdánù ìdánwò, ọdún kan ló lọ yẹn." Ó sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì. "Àwọn òbí kan kò ní dúró de ọdún kan, wọ́n á fi ọmọbìnrin fọ́kọ. Àwọn ọkùnrin inú wọn, ìbọn ni wọ́n máa lọ gbé. Àwọn tó wà nídìí okùn wọ̀nyẹn náà, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kúrò. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ìyá wọn."

Ojú Ọ̀gá Kọ́lájọ rọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó rọ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, bóyá ọ̀rọ̀ rere ni ì bá sọ, a kò ní mọ̀ láé, nítorí kọ̀ǹpútà dún kíínn. Gbogbo ọ́fíìsì dìde, wọ́n na apá. "Ó gúnlẹ̀ láyọ̀, Ọ̀gá." Roqeebah nìkan ló jókòó láàárín ìyẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, inú ń bí i débi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé mo lè rí ìwé àdéhùn náà, sà?"

Inú Ọ̀gá dùn. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè fún un rí. Ó ní kí Lawrence tẹ ẹ̀dà kan fún un, ó sì buwọ́ lù ú ní ìsàlẹ̀ kí ó lè fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣòwò.

Inú ọkọ̀ igi ìdáná ni Roqeebah ti kà á. Nígbà tó dé òfin kẹrin, ó ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ dúró ná. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: ọkọ̀ tí a fi háyà ti di ti ẹni tó háyà títí ọjọ́ yóò fi pé, ẹni tó ni í kò gbọdọ̀ gbà á padà, kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹni tó háyà ibi tí yóò lọ tàbí ẹni tí yóò kó. Wọ́n ti dárúkọ àwọn tó háyà fún un lọ́jà Igbokoda. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ sí Obe-Lúwoyè."

Ó bá Jọọlá níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnì ṣe. Promise, àbúrò Jọọlá tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wà lára àwọn ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́ta náà. Jọọlá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó gbà pé ọmọ àwọn ni gbogbo wọn: "Ọma gha ni ghan, Tíṣà. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni bóòtù mi, ọmọ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbà. Ta ló ní mẹ́ta yòókù?"

"Ẹni tí ẹ máa ń juwọ́ sí ni, ẹ̀gbọ́n."

Jọọlá wò ó. Ó wo odò. "Ọlábọ̀dé?" Ó jókòó lé orí ẹ́ńjìnì. "Mo kí i pé ó kú iṣẹ́ ìlú lánàá."

Ó fò dìde, ó ní kí wọ́n gbé ìbọn òun wá. Roqeebah kò kúrò níwájú rẹ̀. "Bí ẹ bá jà lónìí, Promise kò ní ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé. Ẹ yan èyí tó wù yín."

Ọkùnrin náà jókòó padà. Ó wá béèrè pé, "Ṣé Orí-Ìdó ti gbà láti kó wọn?"

"Ibẹ̀ ni mò ń lọ báyìí. Ẹ wo bó ṣe máa rí ná, bí wọ́n bá gbà, tí ẹ̀yin kò gbà."

"Éè lè ṣẹlẹ̀," Jọọlá wí. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láé ni pé kí Orí-Ìdó ṣe rere ju Obe-Lúwoyè lọ.

Ní Orí-Ìdó, Ọlábọ̀dé jókòó lé orí ẹ́ńjìnì tirẹ̀ bákan náà, ó béèrè ìbọn bákan náà, ó rántí Kòkúmọ́ àbúrò rẹ̀ tó wà ní kíláàsì yẹn, ó sì béèrè pé ṣé Obe-Lúwoyè ti gbà. Wọ́n ti gbà. Ó ní ìyẹn náà tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bóòtù mẹ́fà dúró ní Abereke, mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì, ẹnikẹ́ni kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Jọọlá fẹ́ kó àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, Ọlábọ̀dé fẹ́ kó tirẹ̀. Roqeebah ní rárá, bí orúkọ ṣe tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ́jísítà ni wọ́n máa wọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Promise ṣe bọ́ sínú ọkọ̀ Ọlábọ̀dé, tí Kòkúmọ́ sì bọ́ sínú ti Jọọlá. Mo ti rí ìwé àlàáfíà tí àwọn agbẹjọ́rò kọ, kò sí èyí tó ká ọwọ́ àwọn jagunjagun kò tó rẹ́jísítà yẹn.

Ṣé ẹ rántí pé bóòtù ti sọ ìjà di ìjuwọ́ fún ogún ọjọ́? Ìròyìn rẹ̀ ti dé Àkúrẹ́. Ọ̀gá Kọ́lájọ ti kọ ọ́ sínú ìwé ojú ewé méjìdínlógójì pé ọgbọ́n òun ló pa iná ogun. Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni Kọmíṣọ́nnà wá sí Igbokoda láti fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n ti pa àga sí èbúté. Ọlọ́rundáre ló kó wọn wá, ó mọ iye wọn. Ọ̀gá ti múra láti wí pé gbogbo bóòtù ti lọ sí ojú iṣẹ́. Kò tíì wí i tán nígbà tí bóòtù mẹ́fà yọ láti orí omi, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kún inú wọn. Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni.

Kọmíṣọ́nnà dìde, ó pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Kọ́lájọ wo bóòtù, kò mọ bí wọ́n ṣe débẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í jẹ́ kí àìmọ̀ dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí àwọn ọmọ tò síwájú òun. Ó gba maikirofóònù.

"Ẹ̀yin ọmọ tí mo gbà là," ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa òfúrufú. Ó ní bí a bá gé òun lọ́wọ́, àlàáfíà ni yóò máa ṣàn. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ilé ìdánwò jìnnà tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn kì í sì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá pẹ́.

Roqeebah sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Agogo mẹ́sàn-án ni ìdánwò."

"Ìdánwò lè dúró," ló wí sínú maikirofóònù. "Ìtàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni." Ó ṣí ojú ewé kejì.

Promise bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún, ó di báírò rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì. Roqeebah wo ọmọ náà, ó wo Kọmíṣọ́nnà, ó wo gbogbo ọlọ́lá tó jókòó. Ẹ̀rù bà á gidi, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. "Ẹ tò ní méjì méjì. Ẹ tẹ̀ lé mi."

Wọ́n ń lọ. Ojú Ọ̀gá Kọ́lájọ pọ́n. "Ẹ dá wọn dúró. Bóòtù mi ló gbé wọn dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi."

"Bóòtù tèmi ni, sà," Jọọlá wí. Ó yọ ìwé kan láti inú ọ̀rá nínú àpò rẹ̀. "Ó ku àádọ́rin ọjọ́." Ọlábọ̀dé náà yọ tirẹ̀. "Mẹ́ta yòókù, tèmi ni. Òǹtẹ̀ ìjọba nìyí."

Kọmíṣọ́nnà gba ìwé, ó ń kà á sókè, ojú rẹ̀ ń yí padà ní ìlà dé ìlà. "Òfin keje: bàálù yìí kò gbọdọ̀ fò kọjá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì ẹsẹ̀ bàtà sókè. Òfin kẹsàn-án: ẹni tó háyà ni yóò máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù." Ó gbójú sókè. "Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo?"

"A wá a títí, sà," Ọlábọ̀dé wí. "A ò rí i."

Ẹ̀rín bú ní èbúté. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja jókòó sílẹ̀. Kọmíṣọ́nnà bi àwọn ọkùnrin méjèèjì pé iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan wí láti inú èrò pé, "Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà, àwọn ni olórí ogun. Ọ̀gá ló fi bóòtù àlàáfíà háyà fún ogun." Fèrèsé ọ́fíìsì ló dáhùn. Kíínn. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá dìde láàárín èrò, wọn kò mọ ìgbà tí wọ́n na apá. "Ó gúnlẹ̀ láyọ̀, Ọ̀gá."

Kọmíṣọ́nnà rọra béèrè ohun tó gúnlẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fojú inú wò ó bí wọ́n ṣe wọ ọ́fíìsì, bí wọ́n ṣe rí àgbá epo bóòtù nídìí jẹnẹrétọ̀, bí Ọ̀gá Kọ́lájọ ṣe ń ṣàlàyé bàálù mọ́kànlélógójì fún ọkùnrin tó ti bọ́ gíláàsì lójú tó ń nu iwájú orí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e padà sí Àkúrẹ́, sí yàrá ìkówèésí kan tí kò ní kọ̀ǹpútà. Àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn mọ́tò Kọmíṣọ́nnà, kò sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ó yíjú wo Lawrence pé kó bá òun gbé àpótí. Lawrence kò ráyè. Ó ń wá bí oyè ọ̀gá tuntun yóò ṣe gùn tó.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn wọlé. Roqeebah ka orí wọn lẹ́nu ọ̀nà, mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó wá lọ dúró lẹ́yìn ògiri níbi tí wọn kò ti ní rí i, ó sunkún ayọ̀.

Ìjọba fẹ́ gba bóòtù padà, agbẹjọ́rò wọn ní òǹtẹ̀ ni òǹtẹ̀, kí wọ́n máa fún àwọn tó háyà lépo. Báyìí ni Jọọlá àti Ọlábọ̀dé ṣe ń kó ọmọ wá fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọn kò lè padà láìkó wọn, nítorí náà wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó wà níwájú ilé ìdánwò, ọ̀kan kọjú síhìn-ín, èkejì kọjú sọ́hùn-ún. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn kò sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n bá ara wọn jiyàn nípa ẹ́ńjìnì. Pátákó ẹnu odò kò tíì ní orúkọ, okùn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró tì í, nítorí àwọn olórí kò sí nílé.

Ní ọjọ́ ìdánwò tó kẹ́yìn, Jọọlá dìde lábẹ́ igi, ó wá bá Roqeebah. Ó ń fi bàtà wa ilẹ̀.

"Tíṣà, ọmọ ọdún mélòó ni wọn kì í gbà mọ́?"

"Síbo, ẹ̀gbọ́n?"

"Sí ìdánwò yìí. Fọ́ọ̀mù tòó ni mo dé tí bàbá wa kú. Mo mọ ìṣirò nígbà náà."

Roqeebah ní kò sí ọjọ́ orí tí wọn kì í gbà. Ó yọ ìwé àjákọ rẹ̀, ó kọ orúkọ Jọọlá. Ọlábọ̀dé ti rìn dé lẹ́yìn wọn, ó ń wo ẹnu báírò.

"Kọ tèmi náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n má ṣe fi èmi àti ẹni yìí sórí bẹ́ǹṣì kan náà."

"Bí orúkọ bá ṣe tẹ̀lé ara wọn ni," Tíṣà dá a lóhùn, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ ti Jọọlá.